Àdírẹ́ẹ̀sì Ilé Ló Ń Mú Ọmọ Wọ Ilé-Ìwé: Àlàyé fún Òbí Tó Fẹ́ Kó Lọ sí Ìpínlẹ̀ Mìíràn ní Amẹ́ríkà

Láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹfà lọ́dọọdún ni ìpè máa ń pọ̀ lórí fóònù mi. Àwọn ará wa tó wà ní Maryland, ní Bronx, ní Chicago, tí wọ́n ti gbọ́ pé owó ilé rọ̀ díẹ̀ ní Houston, ni wọ́n ń pè. Ìbéèrè kan náà ló ń wà lẹ́nu wọn: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àdúgbò wo ni ilé-ìwé ti dára?” Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi, ọmọ mélòó ni, kíláàsì wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà, iṣẹ́ wo sì ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe. Inú àwọn kan kì í dùn sí èsì yẹn. Wọ́n rò pé mo ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Mi ò fi falẹ̀. Mo ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí rí ni.

Nígbà tí èmi àti ìdílé mi ń kó láti Maryland wá sí Texas, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti rí ilé tí a háyà. “Katy, Texas” ni wọ́n kọ sí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ìyẹn ìlú kan ní ẹ̀gbẹ́ Houston. Ẹni tó fún wa nílé náà fi dá wa lójú lórí fóònù pé ilé-ìwé Katy ni àwọn ọmọ máa lọ. A fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún kan, a sanwó, a kó ẹrù. Ní àárín oṣù kẹjọ, mo kó àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ forúkọ sílẹ̀. Akọ̀wé tó jókòó níbẹ̀ tẹ nọ́ńbà ilé wa sínú kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀, ó wá yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí mi. Máàpù ni. Ìlà búlúù kan gba àárín títì kọjá. Ilé epo tó kọjú sí ilé wa wà nínú ìlà, ilé wa wà lóde. Ó ní kí n má bínú, a kì í ṣe tiwọn. Àbíkẹ́yìn mi ti gbé báàgì tuntun kọ́ èjìká láti àárọ̀.

Lọ́dún yẹn, wọ́n lọ sí ilé-ìwé tí a ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Lọ́dún kejì a tún kó, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ lọ náà kò burú. Ohun tó dùn mí ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo, tí mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè, ló fa gbogbo rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ àlàyé yìí. Houston ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí ibẹ̀ ni mo mọ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí nǹkan ń gbà lọ ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Kí ló mú kí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ibí yàtọ̀ sí tilé?

Ní Ìbàdàn, èèyàn lè máa gbé ní Ọ̀jọ́ọ̀ kí ọmọ rẹ̀ máa lọ sí ilé-ìwé ní Bódìjà. Bí owó bá ti wà, tí ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ wà, ó parí. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ìwé ìjọba ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ń lọ. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dára gan-an. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí nítorí pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tàbí pé ọmọ yín mọ̀wé. Nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà tó wà lórí ìwé àdéhùn ilé yín ló ń ṣí i.

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn. Èkíní ni ohun tí wọ́n ń pè ní school district. Ẹkùn ilé-ìwé ni mo máa pè é. Ẹ rò ó bí ìjọba ìbílẹ̀ kan tó jẹ́ pé ilé-ìwé nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò sábà máa ń dìbò yàn, ó ní ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀, ó ní máàpù tirẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ó sì ní owó orí tirẹ̀. Ní Texas, ISD (Independent School District) ni ẹ máa rí lẹ́yìn orúkọ wọn: Katy ISD, Alief ISD, Fort Bend ISD. Lẹ́tà “I” yẹn túmọ̀ sí pé wọ́n dá dúró. Olórí ìlú kò láṣẹ lé wọn lórí.

Èkejì ni sóònù. Nínú ẹkùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n pín àwọn òpópónà fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan: àwọn ilé wọ̀nyí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yìí, ní middle school yìí, ní high school yìí. Ẹ rántí bí ilé méjì tó kọjú síra ṣe lè wà lórí tiransifọ́mà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nílé: iná ń tàn níbí, òkùnkùn ṣú lọ́hùn-ún, títì kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wọn. Bí sóònù ṣe rí gan-an nìyẹn.

Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà (Constitution) kò dárúkọ ẹ̀kọ́ rárá, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí ẹkùn ilé-ìwé fi lé ní 13,000 káàkiri orílẹ̀-èdè náà, tí kò sì sí ìpínlẹ̀ méjì tó pín in bákan náà. Hawaii ní ẹyọ kan ṣoṣo. Maryland ní 24, torí pé káńtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ìpín ìjọba tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀, ló ní tirẹ̀, ìlú Baltimore sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Texas ní èyí tó lé ní 1,000. Ẹni tó ti gbé ní Prince George's County ní Maryland fún ọdún mẹ́wàá kò ní ìdí láti ronú nípa ààlà ẹkùn, torí pé bó bá ti wà nínú káńtì, inú ẹkùn náà ló wà. Bó bá wá dé Texas pẹ̀lú èrò yẹn, ibi tí mo já sí lòun náà máa já sí.

Ṣé orúkọ ìlú tó wà lórí àdírẹ́ẹ̀sì kò tó?

Kò tó rárá. Ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ló ń fún ilé ní orúkọ ìlú, kí lẹ́tà lè tètè débẹ̀. Ẹkùn ilé-ìwé kò bá wọn jókòó nígbà tí wọ́n ń fà á. Àwọn ilé kan wà tí wọ́n kọ Katy sí tó jẹ́ ti Cypress-Fairbanks ISD. Èyí tí wọ́n kọ Richmond sí lè bọ́ sí Fort Bend ISD, ó lè bọ́ sí Lamar Consolidated ISD, ó sì lè bọ́ sí Katy ISD. Èyí tí wọ́n kọ Houston sí ńkọ́? Àwọn kan jẹ́ ti Houston ISD, àwọn kan jẹ́ ti Alief, àwọn kan ti Spring Branch, àwọn mìíràn ti Katy fúnra rẹ̀. Ẹnì kan lè máa sá fún “Houston” kó sì máa sá fún ẹkùn tó ń wá gan-an.

Nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè pé “Ṣé Katy ni?” Ẹ mú àdírẹ́ẹ̀sì tó pé, nọ́ńbà àti òpópónà, ẹ lọ sí ojú-ewé ẹkùn náà fúnra rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ àdírẹ́ẹ̀sì wọlé, kó sọ ilé-ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún yín. Nọ́ńbà ZIP nìkan kò tó. Orúkọ ilé-ìwé tí ẹ rí lábẹ́ àwòrán ilé tí wọ́n ń tà tàbí tí wọ́n ń háyà kì í ṣe àṣẹ. Ó lè jẹ́ ti ọdún tó kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù, ẹ pe ọ́fíìsì ilé-ìwé náà. Ohun méjì ni kí ẹ béèrè, torí pé máàpù kì í sọ ọ́. Ẹ béèrè bóyá ilé-ìwé náà ti kún. Ní àwọn àdúgbò tó ń yára gbòòrò, ilé-ìwé lè kún débi pé wọ́n á ní kí ọmọ tuntun máa lọ sí òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú sóònù ni ilé yín wà. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n fẹ́ yí ààlà padà. Bí ẹ bá rí yàrá onípákó tí wọ́n tò sẹ́yìn ilé-ìwé, tí ilé tuntun sì ń hù níbi gbogbo, ẹ mọ̀ pé wọ́n máa tó kọ́ ilé-ìwé mìíràn, wọ́n á sì tún máàpù fà.

Ohun kan wà tó máa ń bí àwọn èèyàn wa nínú. Wọ́n á bi ejẹ́ǹtì tó ń bá wọn wá ilé pé ilé-ìwé wo ló dára, àdúgbò wo ni irú wa pọ̀ sí, ejẹ́ǹtì á bẹ̀rẹ̀ sí í ka èékánná. Wọ́n á ní kò fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Òfin ló ń dá a dúró. Láti ọdún 1968 ni òfin ti wà pé ẹni tó ń ta ilé tàbí tó ń háyà ilé kò gbọ́dọ̀ darí oníbàárà sí àdúgbò kan tàbí kó lé e kúrò ní òmíràn nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ìlú rẹ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀; ní ọdún 1988 ni wọ́n fi ti ẹni tó lọ́mọ kún un. Ọ̀rọ̀ “ilé-ìwé tó dára” ni wọ́n sì sábà máa ń fi bo irú ìdarí bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín tó ń gbé níbẹ̀, òfin kò de àwọn yẹn.

Nọ́ńbà 1 sí 10 yẹn, kí ló ń sọ?

Àwọn òbí máa ń fi nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n ilé-ìwé yìí ránṣẹ́ sí mi bíi pé èsì ìdánwò ilé-ìwòsàn ni. “Ẹ̀gbọ́n, 5 ni wọ́n kọ, ṣé kí a sá?” GreatSchools, àjọ aládàáni kan, ló ń ṣe é. Ìjọba Texas náà ní tirẹ̀, A títí dé F, Maryland sì ń fi ìràwọ̀ 1 sí 5 ṣe tiwọn.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ló gbára lé èsì ìdánwò. Èsì ìdánwò sì máa ń tẹ̀lé owó tó wà nílé ọmọ kí ó tó tẹ̀lé iṣẹ́ tí olùkọ́ ṣe. Níbi tí òbí ti lè sanwó olùkọ́ àdáni ní ìrọ̀lẹ́, nọ́ńbà á ga. Níbi tí ìyá ti ń ṣiṣẹ́ òru lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, ó lè má ga, olùkọ́ ibẹ̀ sì lè mọṣẹ́ ju ti ibi àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ wo ìyá ọlọ́jà méjì. Ọ̀kan fi ₦100,000 bẹ̀rẹ̀, ó parí ọdún pẹ̀lú ₦105,000. Èkejì fi ₦10,000 bẹ̀rẹ̀, ó parí pẹ̀lú ₦30,000. Bí a bá wo àpò nìkan, ti àkọ́kọ́ ló kún jù. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ máa gbé ọmọ yín fún kó kọ́ ọ ní òwò? Nínú àwọn ìròyìn ilé-ìwé, apá kan wà tó ń sọ bí àwọn ọmọ ṣe tẹ̀ síwájú láti ọdún kan sí èkejì. Growth ni wọ́n ń pè é. Apá yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Lẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń wo bí àwọn ọmọ dúdú àti àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí jájẹ ṣe ṣe sí, torí pé ilé-ìwé oní-9 wà tí irú ọmọ tèmi kì í gòkè níbẹ̀.

Bí ẹ bá sì lè débẹ̀, ẹ débẹ̀ ní àsìkò tí ilé-ìwé ń jáde. Nígbà tí a ń wá ilé kejì, mo dúró síwájú ilé-ìwé kan tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ju 6 lọ. Òjò ń rọ̀. Igbákejì ọ̀gá dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú agboòrùn ńlá, ó ń pe àwọn ọmọ lórúkọ bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀, ó sì pe ọmọbìnrin kan ní “Oyíndàmọ́lá” láìgé e kúrú. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni a fọwọ́ sí ìwé ilé wa, inú sóònù rẹ̀.

Bí ilé-ìwé bá jẹ́ ọ̀fẹ́, ta ló ń sanwó rẹ̀?

Ẹ̀yin ni. Owó orí ilé ni ẹkùn ilé-ìwé fi ń gbé bùkátà tó pọ̀. Ní Texas, kò sí owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó oṣù, ìyẹn ló sì ń fa ọ̀pọ̀ wa wá. Ní Maryland, ìpínlẹ̀ á gba tirẹ̀, káńtì náà á gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ilé ní Texas máa rí ìwé owó orí ilé lọ́dọọdún, ti ẹkùn ilé-ìwé ló sì sábà máa ń tóbi jù níbẹ̀. Ẹni tó háyà kò bọ́: onílé ti kì í mọ́ owó ilé.

Àdúgbò tuntun ní etí Houston tún ní èyí tí wọ́n ń pè ní MUD. Ẹ̀yáwó tí wọ́n fi ri páìpù omi àti ti ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ kí ilé tó hù níbẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ń san padà, ọdún pọ̀ kó tó tán. Ká ní ilé méjì jọ ń lọ ní $350,000. Ibi tí àpapọ̀ owó orí ti jẹ́ dọ́là 2 lórí dọ́là 100, $7,000 lọ́dún ni. Ibi tó bá ti sún mọ́ dọ́là 3 nítorí MUD, ó ti ń lọ sí $10,500. Ìyàtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $300 lóṣù, kò sì sí nínú àwòrán ilé tí wọ́n fi hàn yín. Ẹ béèrè àpapọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó nífẹ̀ẹ́ ilé. Ìdínkù wà fún ẹni tó ń gbé ilé tó rà: láti oṣù kọkànlá ọdún 2025 tí àwọn ará Texas dìbò sí i, $140,000 ni wọ́n ń yọ kúrò nínú iye ilé kí wọ́n tó ṣírò owó orí ti ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa kọ̀wé béèrè rẹ̀. Mo mọ ẹni tó san owó àsanjù fún ọdún méjì torí pé kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ẹnì kan lè ní, ṣé ó wá dára kí ilé olówó máa bí ilé-ìwé olówó? Bàbá kan ní San Antonio, Demetrio Rodriguez, gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1973, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin dá a lẹ́bi. Láti ọdún 1993, Texas ń gba lára owó àwọn ẹkùn olówó fún àwọn aláìní. Ó dín ìyàtọ̀ náà kù, kò pa á rẹ́.

Kí ló dé tí mo fi ń béèrè kíláàsì ọmọ?

Nítorí pé bí ọmọ bá ṣe dàgbà tó ni kíkó ṣe máa ná an tó.

Fún àwọn kékeré, ọjọ́ ìbí ni ẹ máa wò. Ní Texas, ọmọ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 5 ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án kó tó wọ kindergarten. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Maryland àti Georgia. Ní ìlú New York, bí ó bá máa pé 5 kí oṣù kejìlá ọdún yẹn tó parí, ó ti wọlé. Ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù kọkànlá, tó ti ń múra kindergarten ní Bronx, máa dé Houston kí wọ́n ní kó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ á wá owó ìtọ́jú ọmọ fún ọdún kan tí kò ṣètò fún. Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà: ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Georgia, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ni wọ́n ń wọlé, Texas ń wọlé ní àárín rẹ̀, New York di oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá kó kúrò ní New York ní ìparí oṣù kẹjọ ti pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì ẹ̀kọ́ kí ó tó já ẹrù.

Àwọn tó wà ní ọdún 6 sí 13, ara wọn ló yá jù fún kíkó. Wọ́n á sunkún ọ̀rẹ́, wọ́n á rí òmíràn.

High school ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kó ohun tí wọ́n ń pè ní credit jọ, bí ẹni tó ń dá èsúsú, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye àti irú èyí tó fẹ́. Ní Maryland, ọmọ gbọ́dọ̀ fi wákàtí 75 sin ìlú kó tó gboyè, àyàfi bí káńtì rẹ̀ bá ní ètò tirẹ̀. Texas kò béèrè ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ní ìdánwò ìpínlẹ̀ márùn-ún: Algebra I, English I, English II, Biology àti ìtàn Amẹ́ríkà. Ọmọ tó dé ní kíláàsì 11 lè bá ara rẹ̀ níbi tí yóò ti ṣe iṣẹ́ ọdún méjì lọ́dún kan. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ilé, ẹ fi èsì ọmọ náà ránṣẹ́ sí olùdámọ̀ràn ilé-ìwé tuntun, kó sọ èyí tí wọ́n máa gbà àti èyí tí wọn kò ní gbà.

Ti yunifásítì náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 1997 ni òfin Texas ti fi ààyè sílẹ̀ ní yunifásítì ìjọba fún ọmọ tó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ní ilé-ìwé rẹ̀. UT Austin, yunifásítì ìjọba Texas tó wà ní ìlú Austin, ti dín tirẹ̀ kù sí ìdá márùn-ún fún àwọn tó ń wọlé láti oṣù kẹjọ ọdún 2026. Nítorí ìyẹn, ọmọ tó mọ̀wé níwọ̀nba lè wà lókè ní ilé-ìwé kan kó wà láàárín ní òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 10. Owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún ọmọ ìpínlẹ̀ sì kéré gan-an sí ti àlejò, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ń béèrè pé kí ìdílé ti gbé níbẹ̀ fún oṣù 12 ó kéré tán. Èrò tèmi ni pé, bí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì 11, tí iṣẹ́ kò sì lé yín, ẹ jẹ́ kó parí. Bí iṣẹ́ bá lé yín ńkọ́? Ẹ kó ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsinmi gígùn, kó lè ráàyè ṣe ìdánwò tó kù.

Ṣé a lè lo àdírẹ́ẹ̀sì àǹtí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ní ọdún 2011, obìnrin kan ní Akron, Ohio, Kelley Williams-Bolar, sun ẹ̀wọ̀n ọjọ́ mẹ́sàn-án torí pé ó fi àdírẹ́ẹ̀sì bàbá rẹ̀ fi àwọn ọmọ rẹ̀ sí ẹkùn mìíràn. Gómìnà dín ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kù lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìtìjú ti ṣẹlẹ̀. Ní Texas náà, irọ́ pípa lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì parí, ewu rẹ̀ ju owó ìtanràn lọ.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà lọ́dọ̀ àǹtí lóòótọ́ ńkọ́, torí pé ẹ pàdánù ilé tàbí pé agbára yín kò tíì ká a? Òfin kan tó ti wà láti ọdún 1987, McKinney-Vento, ní kí ilé-ìwé gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ìwé ilé kò tilẹ̀ sí. Ẹ béèrè ẹni tó ń bójú tó o ní ẹkùn náà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn

Nọ́ọ̀sì pọ̀ nínú wa, nítorí náà: Texas àti Maryland wà nínú àdéhùn tó jẹ́ kí láísẹ́ǹsì kan ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, New York àti California kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti New York, kó tètè bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Bí ilé yín kò bá jìnnà tó máìlì 2 sí ilé-ìwé ní Texas, ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀sì má gbé ọmọ yín. Ẹ wo bóyá ọ̀nà ẹsẹ̀ wà.

Ní Houston, ẹ wo máàpù omíyalé. Àwọn tí ìjì Harvey ba ilé wọn jẹ́ lọ́dún 2017 mọ̀ pé ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í san ti omíyalé. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ra tìyẹn, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe sì sábà máa ń gba ọjọ́ 30 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìwé wo ni kí a mú dání lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀?

Ìwé àdéhùn ilé àti bílì iná tàbí omi tó ní orúkọ yín, káàdì ìdánimọ̀ yín, ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, èsì ìdánwò ìkẹyìn. Ẹ gba ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ ní ilé-ìwé àtijọ́ kí ẹ tó kúrò, ẹ fi sínú báàgì tí ẹ máa gbé dání, kó má bá ẹrù lọ. Ọmọ tó bá ní ètò ìrànlọ́wọ́ pàtàkì tí wọ́n ń pè ní IEP, ẹ mú ìwé yẹn fúnra yín: òfin ní kí ilé-ìwé tuntun máa fún un ní irú ìrànlọ́wọ́ náà títí wọn yóò fi gba ìwé náà tàbí ṣe òmíràn. Wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti lé ọmọ padà nítorí físà tàbí ìwé ìgbélùú. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ti parí ìyẹn ní ọdún 1982, lórí ẹjọ́ tó ti Tyler, Texas, wá. Bí wọ́n bá béèrè nọ́ńbà Social Security, ẹ lè má fún wọn, ọmọ á ṣì wọlé.

Fọ́ọ̀mù kan tún wà níbẹ̀ tó máa ń dẹ́rù ba àwọn òbí wa. Ó ń béèrè èdè tí ẹ ń sọ nílé. Ọ̀pọ̀ ń sáré kọ “English”, torí wọ́n ti gbọ́ pé bí èèyàn bá kọ Yorùbá, wọ́n á fi ọmọ rẹ̀ sí kíláàsì àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á fún ọmọ náà ní ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kékeré. Bó bá yege, ó bọ́. Bí kò bá yege, wọ́n á fẹ́ ràn án lọ́wọ́, òbí sì lè ní òun kò fẹ́.

Lọ́jọ́ tí a forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé kejì, àbíkẹ́yìn mi dúró tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi. Mo kọ Yorùbá, mo fi àmì sí i lórí. Akọ̀wé ní kí n jọ̀ọ́ ka lẹ́tà rẹ̀ sí òun létí kí òun lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ọmọ náà ló kà á fún un. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n pè é fún ìdánwò yẹn, kò lò tó wákàtí kan níbẹ̀, lẹ́tà sì dé ilé pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dá pé, kó máa lọ ní kíláàsì rẹ̀.